Kíláàsì ìlera ọpọlọ fáwọn ọmọ tó ń bàlágà: ó tó owó ẹ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin òbí àtẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ẹ ti ń bèèrè pé báwo ni kíláàsì ìlera ọpọlọ tá a ṣe fáwọn ọmọ lẹ́sìnì wa nígbà họ́lídè gígùn ṣe lọ sí, ṣé owó ẹ̀ tó o, ṣé kẹ́yin náà pe ẹgbẹ́ tó wá kọ́ wọn wá síbi tiyín, mo ti ráyè wàyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀kọ́ náà dáa. Ó dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ wọn síbí, torí wọ́n ṣì ń tún un ṣe, mi ò dẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan pa iṣẹ́ àwọn tó kù.

Ìbàdàn la wà. Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, JSS3 títí dé SS3 ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó wá kọ́ wọn ò pọ̀: nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, kọ́ńsẹ́lọ̀ kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó bá yá. Sátidé mẹ́rin ni, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan, ₦3,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé kan àti ìpápánu wà nínú owó yẹn. Àwọn òbí kan kọ́kọ́ kùn, wọ́n ní kí ló pa ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ wèrè. Mo sọ fún wọn pé àjọ WHO fúnra wọn ní nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ọpọlọ kan tàbí òmíràn káàkiri ayé, tó fi jẹ́ pé tí kíláàsì bá gba ọmọ márùndínlógójì, ó ṣeé ṣe kí bíi márùn-ún nínú wọn máa fara da nǹkan tí wọn ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n san án.

Ohun tó kọ́kọ́ jọ mí lójú ni bí àwọn ọmọ yìí ṣe ti mọ orúkọ àìsàn tó. Depression, anxiety, trauma, bipolar, OCD, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ lórí TikTok, ẹlòmíì tiẹ̀ ti wo ara ẹ̀ ó ti fún ara ẹ̀ lórúkọ àìsàn, ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ràn kí ìwé ẹ̀ máa tò dáadáa lórí tábìlì ló bá ní òun ní OCD. Nọ́ọ̀sì ò fi í ṣẹ̀sín, ó ṣàlàyé fún un pé OCD gidi, ìrònú tí èèyàn ò fẹ́ ló máa ń ya wọ inú orí ẹ̀ ṣáá, tí á wá máa fọwọ́, tí á tún máa fọ̀ ọ́, tàbí kó máa padà lọ wò bóyá òun ti ilẹ̀kùn, tí kò ní lè jáwọ́ kódà tó bá ti ń pẹ́ dé iléèwé. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn dákẹ́ lójijì nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Mo rí i, nọ́ọ̀sì náà rí i, kò dárúkọ ẹ̀, kò wò ó mọ́, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé obìnrin yìí mọṣẹ́.

Ó wá bi wọ́n pé ta ló ti sọ ọ́ rí pé òun ní depression. Ọwọ́ lọ sókè rẹpẹtẹ. Ó ní ó dáa, nínú ẹ̀yin tẹ́ẹ nawọ́, ta ló máa gbà kí wọ́n mú òun lọ rí dókítà ọpọlọ ní UCH lọ́la? Ọwọ́ kan ò sókè. Ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan pariwo “Aro!”, òmíì ní “Yaba lẹ́fùtì!”, ìyẹn ilé-ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta àtèyí tó wà l'Ékòó, gbogbo kíláàsì gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ lè gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp pé nǹkan ti sú òun, ojú ò ní tì í, àmọ́ ó máa kú sínú ilé kó tó jẹ́ kí ọmọ kíláàsì ẹ̀ rí òun lẹ́nu géètì ilé-ìwòsàn. Ó ti mọ̀ pé òun lè ṣàìsàn, ibi ìwòsàn ló ń sá fún.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ tiwa náà ni. Ilé wa ni wọ́n ti gbọ́ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ti gbọ́ pé tí wèrè bá ti wọjà, kò ṣeé wò mọ́. Tí ọmọ wa bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, a ò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, a ti rán èèyàn lọ ìlú wọn pé kí wọ́n lọ wádìí bóyá wèrè tàbí wárápá wà nídìílé wọn, ojú àwọn ọmọ la sì ti ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kọ iye kan sójú bọ́ọ̀dù látinú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Èèyàn 2,040 ni wọ́n bi léèrè nílẹ̀ Yorùbá níbí, 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní alárùn ọpọlọ léwu torí ìwà ipá, 82.7 ló ní ẹ̀rù á bà wọ́n láti bá a sọ̀rọ̀, 16.9 péré ló ní àwọn lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ káwọn ọmọ kọ́kọ́ méfò kó tó kọ ọ́. Èyí tó dùn mí ni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ iye àgbàlagbà tí kò ní fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ tí òun bá ṣàìsàn, báwo ló ṣe máa wá sọ fún wa?

Ibi tí mo ti rí i pé èrò wọn ń yí ni ibi ìtàn Aro yẹn. Gbogbo wọn gbà pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fetí sílẹ̀, ó sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò fún wọn, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro lọ́dún 1954: aláìsàn á máa gbé láàárín ará abúlé nítòsí ilé-ìwòsàn, mọ̀lébí ẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ẹ̀, á wá gba ìtọ́jú, á padà sílé, á máa ṣiṣẹ́ bí àwọn yòókù, Lámbò dẹ̀ tún bá àwọn babaláwo àtàwọn oníṣègùn wa ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn òyìnbó wá láti ìlú wọn wá wo bó ṣe ń ṣe é, ó dẹ̀ di igbá-kejì ọ̀gá àgbà WHO nígbà tó yá. Ọmọ SS2 kan tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti fi Aro bú láti JSS1, ọmọ yẹn tẹ̀ síwájú lórí àga ẹ̀, ó ní “Má, ṣé òótọ́ ni?” Ó bèèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé kankan tá a fún wọn kà ò ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àpótí ìbéèrè, torí òun gan-an ni mo rò pé owó wa bá lọ. Ní ìparí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pín bébà kan náà àti báírò aláwọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, o ò ní kọ orúkọ, àmọ́ gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan, tó ò bá ní ìbéèrè, wàá kọ “mi ò ní ìbéèrè”, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ gidi. Wọ́n á ká a sínú páálí. Ọgbọ́n kékeré ni o, àmọ́ ẹ wo nǹkan tó jáde látinú ẹ̀.

Ẹnì kan kọ pé ṣé tí òun bá jẹ oúnjẹ lórí ṣíbí ẹni tó ní wárápá, ó máa ran òun. Kò ràn, inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá, itọ́ ò gbé e, oògùn ẹ̀ dẹ̀ wà tó ń dá gìrì yẹn dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnì kan ní wọ́n ní ayé ló ń ṣe àbúrò òun, pásítọ̀ ní kí wọ́n má fún un lóògùn mọ́. Èsì tí nọ́ọ̀sì fún wọn níbẹ̀, mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ: kò bá wọn jà nítorí ìgbàgbọ́, ó ní òun náà ń gbàdúrà, Mùsùlùmí ni òun, àmọ́ àdúrà àti oògùn lè jọ wà nínú ilé kan náà, ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ẹ dá oògùn dúró, tàbí tí wọ́n ti ń na aláìsàn tàbí tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ilé áfáà ni o, ilé babaláwo ni o, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíì kọ ọ́ pé, “Láti ìgbà tí mọ́mì mi ti já pa lọ UK mi ò rí oorun sùn mọ́, tí wọ́n bá pè lórí fídíò mo máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n má bàa sunkún, grandma ò mọ̀.” Gbogbo iyàrá pa lọ́lọ́. Ẹ má sọ pé ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn o. Mélòó nínú wa ló ti fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tó jẹ́ pé owó fíìsì nìkan là ń bèèrè lórí fóònù, èsì ìdánwò, ṣé o ti jẹun, ó tán. Kọ́ńsẹ́lọ̀ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún òbí tó wà lókè òkun sórí bébà, kí wọ́n mú ìlà kan péré nínú ẹ̀, kí wọ́n fi vóìsì nóòtù sọ ìlà yẹn fún un. Ìlà kan péré. Ó ṣeé ṣe fún ọmọdé.

Ẹnì kan sì kọ pé ọ̀rẹ́ òun ń sọ pé ó sàn kóun kú, ṣé àwàdà ni. Èyí le. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n má gbà á sí àwàdà láé, kí wọ́n bi ọ̀rẹ́ náà léèrè ní tààràtà, torí kì í ṣe bíbéèrè ló ń fi ìrònú yẹn síni lórí, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n dẹ̀ sọ fún àgbàlagbà kan lọ́jọ́ náà, kódà bí ọ̀rẹ́ bá ti mú wọn búra pé kí wọ́n má sọ. Kọ́ńsẹ́lọ̀ tún sọ pé nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò níbi tó pọ̀ lápá gúúsù Nàìjíríà, abala 327, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀, àti pé lóṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tó rọ́pò Lunacy Act àtijọ́, àmọ́ abala 327 ò tìtorí ẹ̀ kúrò. Inú bí àwọn ọmọ gan-an. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣàìsàn lẹ ṣe fẹ́ tì mọ́lé? Inú mi dùn pé inú bí wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Sátidé kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohùn ló ń gbọ́ nígbà tó wà ní SS2, wọ́n gbé e gun orí òkè, ó gbààwẹ̀ títí ó fi rù, kí àbúrò bàbá ẹ̀ kan tó gbé e lọ ilé-ìwòsàn. Ó ń lo oògùn títí di ìsinsìnyí, ó wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ bi í ní ìbéèrè tí àgbàlagbà ò ní lè bi í: ṣé ó ṣì ń gbọ́ ohùn náà, ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ sí i padà, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sá, ṣé ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ẹ̀. Ó dá wọn lóhùn láìbínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè padà, òun ti mọ àmì ẹ̀, tí oorun òun bá ti ń dín kù báyìí, òun ń pe dókítà nìyẹn. Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ míì tí wọ́n máa ń fi irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọn ò dẹ̀ ní kọ́ni ní nǹkan kan ṣáájú, mo rò pé ohun táwọn wọ̀nyí ṣe ló bọ́gbọ́n mu. Ìwádìí kan wà tí Patrick Corrigan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe lọ́dún 2012, wọ́n kó iṣẹ́ 72 jọ láti orílẹ̀-èdè 14, wọ́n rí i pé fún àgbàlagbà, kó fojú rí ẹni tó ti ṣe é rí ló ń yí èrò ẹ̀ padà jù, àmọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn ọmọ wa ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bèèrè kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tó jókòó síwájú wọn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi wò ó bí ẹni ń wo ìran.

Ó ku ibi tí kò dáa. Ìwé pélébé tí wọ́n pín, ẹ sọ ọ́ nù. Àwòrán ọmọ òyìnbó nínú yìnyín, “lọ bá nọ́ọ̀sì iléèwé rẹ”, iléèwé wo ló ní nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa? Ọ̀kan nínú nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ọ̀hún, a pè é títí, kò lọ. Ìpàdé àwọn òbí náà, gẹ̀ẹ́sì ni kọ́ńsẹ́lọ̀ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú àwọn ìyá tó wá láti ọjà Bódìjà pẹ̀lú àárẹ̀ ara, èmi ni mo ń túmọ̀. Ìwọ̀nyẹn ṣeé tún ṣe, mi ò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí i.

Èyí tí mo bínú sí rèé. Lẹ́yìn kíláàsì kejì, ọmọbìnrin kan lọ bá kọ́ńsẹ́lọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sọ nǹkan ilé wọn fún un, nǹkan tó ń jẹ́ kó máa sunkún lóru. Mi ò ní sọ nǹkan náà síbí. Kò sí ewu kankan lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ pa á, kò dẹ̀ fẹ́ pa ara ẹ̀. Nígbà ìpàdé òbí, kọ́ńsẹ́lọ̀ yìí pe ìyá ẹ̀ mọ́ra níwájú àwọn òbí míì, ó ní “Mọ́mì, ẹ rọra máa bá ọmọ yín ṣe o, ó ti sọ fún mi.” Bóyá ó rò pé ìrànlọ́wọ́ lòun ń ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo àdúgbò, ẹ mọ bí àdúgbò wa ṣe rí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ṣí àpótí ìbéèrè, “mi ò ní ìbéèrè”, “mi ò ní ìbéèrè”, “mi ò ní ìbéèrè”, títí dé ìsàlẹ̀ páálí. Àwọn ọmọ tó béèrè nípa ikú àti oorun àti mọ́mì tó já pa, gbogbo wọn ti ẹnu wọn.

Ẹ̀yin àgbà, nǹkan tó ń pa ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́, ó ti gbà pé àìsàn ni, ó ti gbà pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òun, àmọ́ ó tún mọ̀ pé tí òun bá la ẹnu, àgbàlagbà ò ní pa á mọ́. Ẹ̀kọ́ tó ná wa lówó, tá a fi Sátidé méjì kọ́ wọn, ẹnu ẹnì kan ló fọ́ ọ ká ní gbólóhùn kan.

Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà, mo sọ ọ́ fún un gbangba. Kò jiyàn. Ó wá bẹ àwọn ọmọ fúnra ẹ̀, níwájú mi, ó kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn àti ìyá ẹ̀ nílé wọn, wọ́n dẹ̀ yọ kọ́ńsẹ́lọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó kọ òfin sójú bọ́ọ̀dù: ohun tó o bá sọ, ọ̀dọ̀ wa ló máa wà, àyàfi tí ẹ̀mí rẹ bá wà nínú ewu, tàbí tí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ọ́ tàbí tó ń fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, tó bá dẹ̀ di dandan ká sọ ọ́, ìwọ la máa kọ́kọ́ sọ fún, a máa jọ pinnu ẹni tá a máa sọ fún àti bá a ṣe máa sọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìyẹn ti wà lójú bọ́ọ̀dù. Àpótí náà tún rí ìbéèrè díẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ò padà sí kíláàsì náà mọ́, ó ṣì ń wá lẹ́sìnì ìṣirò, mi ò bi í ní nǹkan kan, mo kàn sọ fún un pé ọ́fíìsì mi ò ní kọ́kọ́rọ́.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, tàbí ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ gba òfin àṣírí wọn ní kíkọ sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ buwọ́ lù ú. Ẹ bèèrè ilé-ìwòsàn tí wọ́n máa ń darí ọmọ sí lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí, orúkọ ibi kan pàtó, kì í ṣe “a máa rí sí i”. Fún àwa tá a wà n'Ìbàdàn, UCH ní àwọn dókítà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́ṣẹ́ ẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn dẹ̀ ní ibùdó kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ yẹn. Ẹ sọ pé Yorùbá lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ fáwọn òbí. Ẹ ní kí wọ́n fi owó ìwé pélébé yẹn ra bébà àti báírò sí i. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ká ní ti àṣírí yẹn ò ṣẹlẹ̀ ni, márùn-ún ni ì bá jẹ́. Ọmọ tó bá ti wà nínú wàhálà tó le báyìí, tí kò jẹun, tí kò sùn, tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má dúró de kíláàsì kankan, ilé-ìwòsàn ni kẹ́ẹ gbé e lọ lónìí.

A máa tún pè wọ́n ní họ́lídè tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ SS1 ló ní ká pè wọ́n, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì àgbà nìkan àti bọ̀dá tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn ló máa wá o.